Ìdáhùn Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Ẹ̀jìgbò,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Ṣẹrifátù ọmọ mi, Àníkẹ́ tèmi,

Ara mi le, ara màmá rẹ náà le. Orúnkún tó ń dùn ún lọ́sẹ̀ tó kọjá ti fúyẹ́, ó sì ti padà sídìí ọgbà ilá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì bá òun sọ fún ọ pé búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán fún ẹni tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Ó wá ku tèmi.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì ní kí o fún mi láyè. Mo mọ̀ pé inú rẹ ò dùn sí i. O ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ o." Mo lè dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, Àníkẹ́. Ohun tí mi ò lè ṣe lórí fóònù ni láti sọ ìdí rẹ̀, torí ìdí náà gùn, ìtìjú tèmi sì wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Nínú ilé wa, màmá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo ṣì ọ́ gbọ́. Ìwé ìṣirò tí o kọ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ti jáde. Ìgbìmọ̀ kan ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ bóyá wọn yóò mú un wọ ilé-ìwé. Tíṣà kan tí o kò mọ̀ rí, ní ìlú kékeré kan, kọ̀wé sí ọ pé ìdáhùn ìbéèrè kẹsàn-án ní orí kẹfà kò tọ̀nà. O jókòó, o ṣe é, o rí i pé òótọ́ ló sọ. O sọ fún àwọn tó tẹ ìwé náà. Wọ́n ní kí o pa á mọ́ra títí ìgbìmọ̀ yóò fi parí iṣẹ́ wọn, pé àwọn yóò tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tiẹ̀ ti bá ọ kọ èsì tí o máa fọwọ́ sí sílẹ̀: pé ẹ ti rí lẹ́tà tíṣà náà, ẹ ó sì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ lè má gba ìwé náà bí wọ́n bá gbọ́ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ọdún mẹ́rin tí o fi kọ ọ́ á sì wọlẹ̀. Ìbéèrè rẹ ni pé, ṣé kí o fọwọ́ sí èsì náà?

Má fọwọ́ sí i.

Ìdáhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n o mọ bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì: ẹni tó bá kọ ìdáhùn láìfi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, mi ò ní fún un ní máàkì. Nítorí náà, iṣẹ́ mi rèé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun kan tí o lè má kà sí. Nígbà tí lẹ́tà tíṣà yẹn dé, o ṣe ìṣirò náà kí o tó bínú. Èmi bínú, n kò sì ṣe ìṣirò náà rárá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, àárín nǹkan méjì yẹn ló wà.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rìn nígbà tí ìwé mi àkọ́kọ́ jáde. Mo ti gba oyè dókítà, àwọn ẹgbẹ́ mi nílé wa níbí sì ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kí n tó dé ibẹ̀. Mo gbádùn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ń kánjú kí ó lè bá ìwọlé sáà tuntun. Akọ̀wé ẹ̀ka wa, tó ti mọ ìkọ̀wé mi, ló fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo orí ìwé náà. Ó ku abala ìdáhùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́, mo sì fi rán awakọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi kí n kà á. Mo ka orí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmì ìdánudúró kan kò sá mọ́ mi lójú. Nígbà tí mo dé abala ìdáhùn, mo ṣí i, mo pa á dé. Lójú mi, àlàyé ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ìdáhùn kò ju kí a ṣáà fi sí ẹ̀yìn ìwé kí ìwé lè pé.

Àníkẹ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ wà. Ọmọ tó wà ní abúlé, tí kò ní olùkọ́ nílé, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó kàwé, ibo ló máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìṣirò? Ẹ̀yìn ni. Òun ni ojú-ewé tí wọ́n ń kà jù nínú gbogbo ohun tí a kọ. Òun sì ni a kò kà.

Ìwé náà kò tí ì pé sáà kan níta tí lẹ́tà kan fi dé bá mi ní yunifásítì. Orí abala ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé iṣẹ́ ọmọléèwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé náà mọ́ bí ẹni fi rúlà kọ ọ́. Tíṣà obìnrin kan ní Ola ló kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni Sàlámọ́tù. Mo ṣì ní lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ó kà báyìí:

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Ìbéèrè kẹrìnlá ní orí kẹta, mo ti ṣe é lọ́nà mẹ́ta, 41 ni mò ń rí. Ẹ̀yìn ìwé ní 47. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ibi tí mo ti ṣìnà, torí àwọn ọmọ ń dúró."

O rí i pé kò sọ pé èmi ni mo ṣìnà. Ìbéèrè náà kò le. Àgbẹ̀ kan kọ ebè iṣu ní ìlà márùn-ún. Ìlà kọ̀ọ̀kan fi ebè mẹ́rin ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Gbogbo ebè náà jẹ́ 245. Ebè mélòó ló wà ní ìlà àkọ́kọ́? Ìṣẹ́jú kan kò ní pé lórí rẹ̀. N kò fún un ní ìṣẹ́jú náà. Mo wo bí wọ́n ṣe ya ìwé náà, mo wo ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Tuu tó kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, mo sì mú ìwé tó ní àmì yunifásítì lórí, mo kọ ìlà méjì: "Ìdáhùn inú ìwé tọ̀nà. Ẹ padà lọ yẹ iṣẹ́ yín wò dáadáa." Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú gbogbo oyè mi. Mo gbàgbé rẹ̀ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo wálé wá kí àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Bàbá Lámídì, ń dáko ní Ola nígbà náà. Mo gun ọ̀kadà láti Ẹ̀jìgbò. Ọkùnrin tó gbé mi lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe níbi tẹ́ ẹ wà?"

Mo ní, "Mò ń kọ́ni ní ìṣirò."

"Ìṣirò! Ẹ ò bá wá bá wa parí ọ̀rọ̀ Ọ̀kànlélógójì."

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà kan ni ní Ola. Ó ní ìwé tí ọ̀gá ńlá kan kọ parọ́, pé ọ̀kànlélógójì ni nǹkan tí ìwé pè ní mìíràn. Ó wá kọ̀wé sí ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó lọ fọ ojú ẹ̀!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà sọ?"

"Ohun tá a gbọ́ nìyẹn. Bó bá dé ibùdókọ̀ wa báyìí, a ó ní, 'Èrò mélòó ló kù kí á tó gbéra?' Gbogbo wa á sì dáhùn pa pọ̀ pé, 'Ọ̀kànlélógójì!' Ẹ̀rín á pa wá. Òun náà á kàn gun ọ̀kadà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí àwọn ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Ola kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára.

Bàbá Lámídì kò tí ì ti oko dé. Mo jókòó sórí ìjókòó igi níwájú ilé, mo fa báírò yọ, mo ṣe ìbéèrè kẹrìnlá sẹ́yìn ẹ́ńfílóòpù kan. 41. Mo tún un ṣe lọ́nà mìíràn. 41. Mo wá gbé 47 síbẹ̀, mo ro ebè náà pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó di 275. N kò mọ ìgbà tí bàbá wọlé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, bàbá."

"Ojú ẹ ò jọ bẹ́ẹ̀."

Mo ka ìbéèrè náà fún wọn lẹ́nu. Bàbá Lámídì kò mọ̀wé, o mọ̀. Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n pa ojú dé díẹ̀, wọ́n ní, "Ìlà àárín ni kó o wò. Pín gbogbo ẹ̀ sọ́nà márùn-ún, ìlà àárín nìyẹn, mọ́kàndínláàádọ́ta. Wá padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀kànlélógójì." Wọ́n wojú mi. "Ṣé èyí náà ni wọ́n fi ń fúnni ní dókítà?"

Títí di òní, ọ̀nà Bàbá Lámídì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, torí ó dára ju èyí tí mo kọ sínú ìwé lọ.

Mo sùn ní Ola. Ní òwúrọ̀ mo lọ sí ilé-ìwé náà. Inú ọ̀gá ilé-ìwé dùn bí ẹni rí àlejò láti ààfin. Ó ní kí wọ́n wá gbé àga fún ẹni tó kọ ìwé. Mo béèrè tíṣà ìṣirò. Ó ní, "Sà, a ti gba ìṣirò lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Nígbà tí èsì yín dé, a rí i pé kò yẹ kó máa da orí àwọn ọmọ rú. Ìdáná ló ń kọ́ wọn báyìí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí n yìn ín.

Mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi kó àwọn ọmọ jọ, kí ó sì pe Àǹtí náà wá. Mo gba ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ ìbéèrè kẹrìnlá sórí bọ́ọ̀dù, mo ṣe é ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo dé ìdí rẹ̀, mo kọ 41, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ìwé yìí. Èmi ni mo ṣì í. Àǹtí yín sọ fún mi, mi ò wò ó, mo sì bú wọn nínú lẹ́tà. Wọ́n jàre. Mo ti ìlú wá bẹ̀ wọ́n ni."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní ìlà iwájú. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wá yọ ẹẹ́fà yẹn kúrò?"

Mo ní, "Ẹẹ́fà wo?"

Ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó ti ṣe ìṣirò náà dáadáa, ó ti rí 41. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: 41 + 6 = 47. Mo bi í pé níbo ni ẹẹ́fà ti wá. Ó ní, "Ẹ̀yìn ìwé ló fẹ́ ẹ, sà."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìwé mi kọ́ ọ pé kó má gba ara rẹ̀ gbọ́. Mélòó ni irú rẹ̀ tí n kò rí?

Àǹtí Sàlámọ́tù kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, kò sì kí mi kú iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ tú ká, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ bá mi ká lọ." Nínú yàrá ìdáná tí wọ́n lé e sí, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ àwọn ìkòkò. Ìdáhùn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti inú ìwé mi, gbogbo rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé sí mi?"

Ó wò mí. Ó ní, "Mo kọ̀wé sí yín, sà. Ẹ sì dá mi lóhùn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kan fún ọmọ kíláàsì. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle láti ẹnu àwọn tó jù mí lọ, n kò gbọ́ èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ yẹn. Èsì ìlà méjì ni mo kọ sí i nípa ìbéèrè kan, ìyẹn sì pa á lẹ́nu mọ́ lórí mẹ́wàá yòókù.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tirẹ̀. "Sà, ẹ má bínú. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí ẹ kọ sórí bọ́ọ̀dù yẹn, oókan ni àbí eéje?"

Mo ní, "Oókan ni. 41."

Ó ní, "Tiyín ní orí."

Ó yé mi nígbà náà. O mọ̀ pé Àbíjàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, nígbà tí ìyá mi ń ta aṣọ níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá sì ni mí nígbà tí wọ́n mú wa padà wá sí Ẹ̀jìgbò. Títí di òní, bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, èdè Faransé ni mo fi ń kà á sínú: ọ̀n, dọ̀, tíruà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa lọ́hùn-ún, oókan máa ń ní ìlà gígùn kan tó gòkè wá sí iwájú orí rẹ̀. Eéje ni a máa ń fa ìlà kọjá láyà rẹ̀ kí wọ́n má baà jọra. Lọ́dọ̀ wa níbí, igi lásán ni oókan. Ohun tó bá ti ní orí, eéje ni. Ẹni tó tẹ abala ìdáhùn mi kò mọ̀ mí rí. Níbi tí mo ti kọ oókan kánkán láìní orí, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Níbi tí mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mẹ́tàlá di mẹ́tàléláàádọ́rin. Mọ́kànlá irú rẹ̀ ló wà. Kò ṣe nǹkan kan tó burú. Èmi ni mo gbà á padà, tí mo sì pa á dé láìkà.

Bí o bá ń kà á dé ibi yìí, ó yẹ kí o ti mọ ẹni tí Àǹtí Sàlámọ́tù jẹ́. Ìyá Ola ni. Ìyá Ola tí ẹ̀yin ọmọ rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni, tó máa ń gbé gaàrí àti ẹ̀fọ́ wá bá wa, tó ń jókòó sídìí tábìlì mi pẹ̀lú báírò pupa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìwé méje ni mo kọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ọ̀kan tí kò ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ibikíbi tí mo bá ti kọ "ó hàn gbangba pé", á fa báírò pupa sábẹ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ó hàn sí ta?" Mo kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá, n kò kọ gbólóhùn yẹn mọ́. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé àlàyé mi yé ọmọdé. Ọwọ́ Ìyá Ola ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá kírun.

N kò ní tàn ọ́ pé kò ná mi ní nǹkan kan. A tẹ ìwé pélébé kan tó ní àtúnṣe mọ́kànlá náà. Èmi àti màmá rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ilé-ìwé tí a lè dé: Ẹ̀jìgbò, Masifa, Ola, Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Orí ọ̀kadà ni, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù nínú ike, ìwọ náà sì wà lẹ́yìn màmá rẹ, tí ò ń fa gèlè rẹ̀. Lọ́dún yẹn ó yẹ kí wọ́n gbé mi sókè lẹ́nu iṣẹ́, ìwé náà sì wà lára ohun tí mo kó sílẹ̀. Ẹnìkan ka ìwé pélébé náà sókè nínú ìpàdé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fò mí. Ọdún méjì ni mo fi dúró. Àwọn tí mo ṣáájú ṣáájú mi. Ó dùn mí, Àníkẹ́. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ kò bá gba ìwé rẹ, yóò dùn ọ́, n kò sì ní sọ pé kó má dùn ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oyè tí mo dúró dè fún ọdún méjì, mo gbà á nígbẹ̀yìn. Oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin kan ní Ọ̀kànlélógójì ní ibùdókọ̀, n kò rí bí mo ṣe lè dá a padà fún un.

Ó sì ku àwọn nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ kí o mú lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí; n kò tò wọ́n, bí wọ́n ṣe ń wá ni mò ń kọ wọ́n. Abala ìdáhùn ni kí o kọ́kọ́ kà bí wọ́n bá dá ìwé padà fún ọ, nígbà tí ojú rẹ ṣì mọ́lẹ̀. Má ṣe yẹ iṣẹ́ ara rẹ wò lọ́jọ́ tí o ṣe é. Ọpọlọ á kàn máa rí ohun tó rò pé òun kọ. Fún ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ ní ìwé rẹ kà. Bí ẹnìkan bá kọ̀wé sí ọ pé o ṣì í, kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà kí o tó wo orúkọ àti ìwé-ẹ̀rí ẹni náà. Bí o bá sì fẹ́ dá a lóhùn, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá ọ kọ èsì yẹn kò mọ bí tíṣà náà ṣe jókòó, kò mọ ìgbà mélòó ló tún un ṣe kí ó tó gbóyà kọ̀wé sí dókítà. Èmi mọ̀ ọ́n, mo ní ìkan lára irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí.

Màmá rẹ tún ní kí n fi kún un pé, òun kò fẹ́ mi torí ìwé, pé ọjọ́ tí mo ti Ola dé tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún òun láìfi ohunkóhun bò ni òun mọ̀ pé òun kò ṣe àṣìṣe. Ó ní kí o fi ìyẹn sọ́kàn bí o bá ń wo àwọn ọkùnrin. N kò fẹ́ kọ ọ́, ó dúró lé mi lórí.

Ó wá ku ibi tí mo wà láti ọjọ́ Ajé. Ojú Ìyá Ola kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Mo mú ìwé rẹ lọ bá a. Mo ń ka ìbéèrè, ó ń pa ojú dé, ó ń fi ìka ka nǹkan lórí itan rẹ̀, èmi ń fi báírò ṣe tèmi, a óò sì sọ ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Orí kẹrin dé ìkẹfà la rí ṣe. Ìbéèrè kẹsàn-án yẹn, tíṣà rẹ jàre. A tún rí méjì mìíràn; mo kọ iṣẹ́ wọn sí ìwé ọ̀tọ̀, wàá bá a nínú lẹ́tà yìí. Tún wọn ṣe fúnra rẹ, má gbà á torí pé bàbá rẹ ló kọ ọ́.

Ọ̀kan tún wà tó ti di ìjà. Orí karùn-ún, ìbéèrè kejìlá: ọ̀nà kan gùn ní mítà 120 láti ẹnu ọ̀nà ilé dé títì, wọ́n gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀ ní mítà mẹ́rin-mẹ́rin, igi mélòó ni? O ní 30. Mo ní 31, torí a gbọ́dọ̀ ka èyí tó wà níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ola ní 29.

Mo ní, "Báwo, Àǹtí?"

Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló ń gbin igi sẹ́nu ọ̀nà ilé ara ẹ̀? Ta ló sì ń gbin òmíì sójú títì?"

A fà á títí wọ́n fi pe ìrun. N kò lè sọ pé ó jẹ̀bi. Òun náà kò gbà pé mo jàre.

Nítorí náà, gbé èsì tí wọ́n bá ọ kọ tì. Mú ìwé kan, kọ̀wé sí tíṣà yẹn. Kí i, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sọ fún un pé òun ló jàre, fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, bi í léèrè bí o ṣe máa ń bi mí léèrè nǹkan: igi mélòó ni?

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú rẹ̀ dùn sí ọ.